Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Fọn Fèrè Nígbà Tí Òjò Bá Ṣú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ó yẹ kí àgbà ṣe nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ń kígbe pé orí òun kò wọ́, tí ìyá ọmọ náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ọjà ń pariwo pé kí àgbà dákẹ́, kí ó má ba ọjà jẹ́. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, lórí pápá kan tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pupa, tí mo fi fèrè sí ẹnu. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, nítorí pé ó bí ìbéèrè kan tí n kò tíì lè gbé sọnù: nígbà wo ni ó tọ́ kí a dá eré dúró nítorí òjò, ta sì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tó?

Ẹlòmíràn lè rò pé ìbéèrè kékeré ni èyí, pé kò yẹ kí a fi ìwé ṣòfò lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ pé òjò kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ìgbà òjò méjì ni a ní: èyí tí ó gùn, láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, àti èyí tí ó kúrú, láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá. Oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ jù lọ náà ni ọdún ẹ̀kọ́ ń lọ sí òpin, tí ìdánwò BEPC ń kan ilẹ̀kùn, tí àwọn ọmọ sì ń fẹ́ bá ara wọn díje fún ìgbà ìkẹyìn kí wọ́n tó túká. Nítorí náà, bí a bá ní kí a má ṣeré tí òjò bá lè rọ̀, a kò ní ṣeré rárá. Bí a bá sì ní kí a ṣeré láìka òjò sí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdíje bọ́ọ̀lù láàárín àwọn kíláàsì Troisième ni, a sì ti dé àṣekágbá. Olùkọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe adájọ́ eré, ẹni tí èdè Faransé ń pè ní arbitre, kò lè wá, ni wọ́n bá gbé fèrè lé mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, nítorí pé èmi ni mò ń ṣe àbójútó ọ̀kan nínú kíláàsì méjèèjì. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Monsieur, a fọkàn tán yín.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Èmi kò mọ̀ pé òun gan-an ni okùn tí yóò dè mí.

Nígbà tí ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí eré parí, kíláàsì tèmi ti gbá góòlù méjì wọlé, èkejì gbá ọ̀kan. Ojú ọ̀run ti ṣú láti ìhà ọ̀sà. Ìjì kọ́kọ́ gbé eruku dìde, lẹ́yìn náà òjò winniwinni bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mànàmáná kọ. Ìyá àgbàlagbà kan wà tí ń dín àkàrà lẹ́bàá pápá. Ó ti bo agbada rẹ̀, ó ń kó ẹrù rẹ̀ wọ abẹ́ òrùlé. Bí mo ti sáré kọjá níwájú rẹ̀, ó pè mí, ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi, kó àwọn ọmọ wọ̀nyí kúrò níta. Òjò tí mànàmáná bá ṣáájú kì í ṣe òjò eré.” Mo gbọ́ ohun tí ó sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. N kò fọn fèrè.

Mo mọ ìdí tí n kò fi fọn ọ́n, n kò sì ní fi í pamọ́. Ohun tí mo wí nínú ọkàn mi ni pé: bí mo bá dá eré yìí dúró nísinsìnyí, tí kíláàsì tèmi ń borí, tí kò sì sí ọjọ́ mìíràn tí a lè fi parí rẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé-ìwé ni yóò sọ pé mo jí ife ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọ mi. Àwọn tí wọ́n sọ pé àwọn fọkàn tán mi ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Jẹ́ kí eré náà parí, kí ọ̀rọ̀ tán. Ogún ìṣẹ́jú kò pọ̀.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà, aṣọ́lé kíláàsì kejì fò láti gba bọ́ọ̀lù kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ṣubú lé ọwọ́, ọwọ́ náà sì lu òpó góòlù. Àwa tí a wà nítòsí gbọ́ ọ nígbà tí egungun ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó kù kí BEPC bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò ṣe ìdánwò ní ọdún yẹn. Ìdùbúlẹ̀ ni ó wà nílé tí ọwọ́ rẹ̀ wú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé. Nígbà tí mo lọ kí i, ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Monsieur, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kí yín.” Òun ni ó ń bẹ̀ mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ rò ó níwájú yín ní ẹsẹẹsẹ, nítorí mo gbàgbọ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òjò fúnra rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀mọ̀ràn ará Gíríìkì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eubulides, ará ìlú Miletus. Òun ni a máa ń ka àdìtú òkìtì sí lọ́rùn: horo ọkà kan kì í ṣe òkìtì, bí a bá fi horo kan kún ohun tí kì í ṣe òkìtì, kò lè di òkìtì nítorí horo kan ṣoṣo, ta ni yóò wá sọ horo tí ó sọ ọ́ di òkìtì? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjò. Kò sí adájọ́ tí yóò dá eré dúró nítorí ẹ̀kán omi kan. Ẹ̀kán kejì kò yàtọ̀ sí èkíní, ẹ̀kẹta kò yàtọ̀ sí èkejì. Èdè wa ya òjò winniwinni sọ́tọ̀ kúrò lára òjò arọ̀ọ̀rọ̀dá, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀kán tí ó pín wọn níyà hàn wá. Ibi tí mo fara pamọ́ sí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ fún ara mi pé òjò ti ìṣẹ́jú yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìṣẹ́jú tí ó kọjá lọ. Òótọ́ ni. Pẹ̀lú òótọ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni a fi rìn dé inú irọ́ ńlá.

Ṣùgbọ́n pé a kò rí ààlà kò túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ìṣẹ́jú náà gan-an tí ọ̀sán di alẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò tan fìtílà ní ọ̀sán gangan kí ó ní òun kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tí ọgbọ́n ń ṣe níbi tí ààlà kò bá hàn ni pé kí ó fi àmì kan lélẹ̀ tí gbogbo ojú lè rí. Àwọn adájọ́ eré bọ́ọ̀lù ní irú àmì bẹ́ẹ̀: wọn a mú bọ́ọ̀lù, wọn a jù ú sílẹ̀ lórí pápá ní ibi púpọ̀, bí kò bá ta padà sókè, tàbí bí wọ́n bá tì í tí ó dúró sínú omi, pápá kò ṣeé lò mọ́. Ní ti àrá, àmì náà tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ mànàmáná ń dé ojú wa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìró àrá ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí í ṣe kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ka ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín mànàmáná àti àrá mọ̀ pé nǹkan bí kìlómítà 10 ni ewu wà sí òun. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ṣe máa ń sọ pé bí ó bá ti dín sí 30, kí gbogbo ènìyàn wọlé, kí wọ́n má sì jáde títí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tí ó sán kẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ka èyí. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò kà á lọ́jọ́ náà, nítorí pé n kò fẹ́ mọ ohun tí kíkà náà yóò sọ fún mi.

Èyí mú wa dé ìbéèrè kejì: ta ni ó yẹ kí ó pinnu? Eré kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní baseball. Púpọ̀ nínú wa níhìn-ín kò mọ̀ ọ́n ju ohun tí a rí nínú fíìmù lọ: ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn a fi kùmọ̀ gbá a, a sì ń pín eré náà sí ìpele mẹ́sàn-án. Eré náà kò bá òjò rẹ́, nítorí bọ́ọ̀lù tí ó tutù a máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń jù ú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ronú sí ọ̀rọ̀ òjò jù wá lọ, wọ́n sì ṣe òfin kan tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà nípa rẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ni pápá ni ó ń pinnu bóyá ojú-ọjọ́ gba eré láàyè. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, agbára náà bọ́ lọ́wọ́ wọn pátápátá, ó di ti olórí adájọ́ nìkan. Bí adájọ́ náà bá sì dá eré dúró, kò gbọdọ̀ kéde pé ó ti parí títí ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin yìí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì borí, ẹnikẹ́ni kò tíì pàdánù. Òjò kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbá góòlù kan wọlé, òjò ti di ọ̀rẹ́ ẹnì kan. Ẹni tí ó ń borí yóò rí ìkùukùu dúdú níbi tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹni tí ń pàdánù yóò wà nínú àgbàrá dé orúnkún, yóò ní ìrì ni. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Ìfẹ́ inú ẹni ni ó ń ba ojú ẹni jẹ́. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí fèrè wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìpín nínú èrè. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ kò ṣẹlẹ̀ nínú òjò rárá. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, nígbà tí mo gba fèrè tí kò tọ́ sí mi, nítorí pé wọ́n yìn mí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn rí ibi tí òfin wọn kù sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ní ìlú Philadelphia, ẹgbẹ́ Phillies àti ẹgbẹ́ Rays ti Tampa Bay ń ṣe eré karùn-ún nínú àṣekágbá ọdún náà. Bí Phillies bá borí lọ́jọ́ náà, àwọn ni olúborí gbogbo ìdíje. Òjò ń rọ̀ gidigidi, Phillies sì wà níwájú pẹ̀lú 2 sí 1 nígbà tí ìpele karùn-ún parí. Gẹ́gẹ́ bí òfin eré lásán, bí òjò bá fòpin sí i lẹ́yìn ìpele karùn-ún, ẹni tí ó wà níwájú ni ó borí. Wọn kò dá a dúró nígbà náà. Ní ìpele kẹfà, Rays dọ́gba pẹ̀lú wọn ní 2 sí 2, nígbà náà ni a dá eré dúró. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n padà wá parí rẹ̀, Phillies sì borí pẹ̀lú 4 sí 3. Bud Selig tí í ṣe ọ̀gá àgbà eré náà nígbà yẹn sọ pé bí wọn kò tilẹ̀ dọ́gba, òun kò ní jẹ́ kí òjò fún ẹnikẹ́ni ní ife. Kí ìdíje ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó dé, wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin pé irú eré ìkẹyìn bẹ́ẹ̀, parí ni a gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé dídá dúró kì í ṣe píparí. Nínú ọkàn mi lọ́jọ́ náà, ọ̀nà méjì péré ni ó wà: kí a máa bá eré lọ, tàbí kí n fún àwọn ọmọ mi ní ife. Mo gbàgbé ọ̀nà kẹta, èyí tí ó wà láàárín: kí a wọlé, kí a dúró, kí a wò ó. Bí òjò kò bá dá, a lè pín ife náà sí méjì. A lè sọ pé kò sí olúborí lọ́dún yìí. A lè ṣe ogún ìṣẹ́jú tí ó kù nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé padà. Òfin bọ́ọ̀lù alẹ́sẹ̀ pàápàá fàyè sílẹ̀: òfin karùn-ún fún adájọ́ ní àṣẹ láti dá eré dúró fún ìgbà díẹ̀ tàbí láti fòpin sí i, òfin keje sì sọ pé eré tí kò parí, a óò tún un ṣe, àfi bí àwọn tí ó ṣètò ìdíje bá ti pinnu ohun mìíràn.

Ẹnì kan lè sọ pé ìdúródè náà ní ìyà tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1974, ní ìlú Frankfurt, òjò ńlá bo pápá kí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Poland tó pàdé nínú ìdíje ife àgbáyé. Àwọn panápaná wá fi ẹ̀rọ fa omi, a sún eré síwájú díẹ̀, a sì ṣe é nínú omi. Àwọn ọmọ Poland tí eré sísá ni agbára wọn kò lè sáré, bọ́ọ̀lù ń dúró sínú omi níwájú wọn. Jámánì borí pẹ̀lú 1 sí 0. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2000, ní ìlú Perugia ní Ítálì, adájọ́ Pierluigi Collina dá eré dúró lẹ́yìn ìlàjì àkọ́kọ́, ó dúró ju wákàtí kan lọ, ó ń jáde wá gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láti wò bóyá yóò ta, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n padà wá. Juventus pàdánù pẹ̀lú 1 sí 0, ife ọdún náà sì bọ́ sọ́wọ́ Lazio. Àwọn kan bínú pé a ṣeré ní Frankfurt. Àwọn kan bínú pé a tún bẹ̀rẹ̀ ní Perugia. Kò sí ìpinnu tí kò ní mú kí ẹnì kan sunkún.

Ẹ̀kọ́ tí ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀, lójú tèmi, ni èyí: fèrè tí kò dún náà ti dájọ́. Mo rò pé bí n kò bá fọn fèrè, n kò ṣe nǹkan kan, pé ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní agbára láti dá nǹkan dúró, tí kò dá a dúró, ti yàn pé kí ó máa lọ. Mo fẹ́ kí a rí mi bí olódodo ju bí mo ti fẹ́ ṣe òdodo lọ. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ a kì í mọ èyí tí a ń sìn. Ọjọ́ òjò ni a máa ń mọ̀. Ojúsàájú burú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kí a má pè wá ní olójúsàájú lè pa ọmọ lára gẹ́gẹ́ bí ojúsàájú fúnra rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan ní èsì lẹ́nu. Èkíní: àwọn ọmọ ni wọ́n fẹ́ máa bá a lọ, ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń kígbe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin ni ó sọ fún mi pé ẹ̀rù ti ń ba àwọn láti ìgbà tí mànàmáná kọ́kọ́ kọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Monsieur, mo fẹ́ kí ẹ fọn fèrè, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ojo.” Nínú èdè wa, díẹ̀ ni ohùn fi ya òjò àti ojo; nínú ọkàn ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojo ni ó ń dẹ́rù bà á ju òjò lọ. Ariwo ogunlọ́gọ̀ kì í ṣe àpapọ̀ ìfẹ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìdí tí a fi fún ẹnì kan ní fèrè ni pé kí ó lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ láìtijú.

Èkejì: àwọn obìnrin ń tajà nínú òjò ní ọjà Ouando, àwọn onízémidjan ń gbé èrò nínú òjò, apẹja ń ju àwọ̀n lórí ọ̀sà nínú òjò, kí ni ó dé tí a ó fi máa kẹ́ àwọn ọmọ bí ẹyin? Èsì yìí ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, nítorí pé ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó jókòó sínú òjò ń fi ara rẹ̀ wéwu nítorí oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì yàn án, bí a bá lè pe ohun tí àìní fi lé ni lọ́wọ́ ní yíyàn. Èmi, ara ọmọ ẹlòmíràn ni mo fi wéwu, nítorí ife tí a fi páànù ṣe, àti nítorí orúkọ mi. Àwọn ìyá wọ̀nyí gan-an ni wọ́n mọ òjò jù wá lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ó kìlọ̀ fún mi.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù: adájọ́ tí ó bá ń sá fún gbogbo ìkùukùu yóò sọ eré di ẹ̀sín, nígbà tí ewu gidi bá sì dé, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Mo gbà. Ìdí nìyí tí àmì fi ṣe pàtàkì, kí ó má jẹ́ ìbẹ̀rù tàbí ìgboyà adájọ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí àmì bá ṣókùnkùn, ìbéèrè kan wà tí a lè fi gbé e wọ̀n: nínú àṣìṣe méjì tí mo lè ṣe, èwo ni ọ̀la lè tún ṣe? Bí mo bá dá eré dúró láìnídìí, ohun tí a pàdánù ni ogún ìṣẹ́jú àti ife kan. Ọ̀la lè dá wọn padà. Bí mo bá jẹ́ kí ó máa lọ nígbà tí kò yẹ, ohun tí a lè pàdánù ni ọwọ́, tàbí ọdún kan nínú ayé ọmọ, tàbí ẹ̀mí. Ọ̀la kò ní irú rẹ̀ nínú àpò.

Ẹ̀mí ni mo wí, n kò sì ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, ìròyìn tàn kálẹ̀ ayé láti agbègbè Kasai ní Congo pé àrá sán nínú eré bọ́ọ̀lù kan, ó sì pa agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá, gbogbo wọn láti inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹgbẹ́ kejì kò fara pa. Ìròyìn náà sọ pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀sùn oògùn kan ara wọn. Èyí kò lè ya ará Àjàṣẹ́ lẹ́nu. Nínú ìlú tí àwọn Yorùbá ti ń bọ Ṣàngó, tí àwọn Gun àti àwọn Fọn ń bọ Hêviosso, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rọ̀ àrá ṣeré, bí ẹnì kan bá sì ti ọwọ́ àrá kú, a máa ń béèrè ohun tí ó fà á. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹni tí ó rán àrá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìbéèrè yẹn má bo ìbéèrè kejì mọ́lẹ̀: ta ni ó rí i tí ó ń bọ̀, tí fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀? A lè dáríjì ẹni náà. Ó ṣeé ṣe kí èmi náà nílò ìdáríjì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí pé àrá ti ọ̀run wá kí a sọ pé kò sí ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀.

Láti ìgbà náà, a ti yí ọ̀nà wa padà. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, a máa ń pe àwọn balógun ẹgbẹ́ jọ, a sì ń kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé kan: àmì tí a óò fi mọ̀ pé ó tó láti wọlé, iye ìṣẹ́jú tí a óò dúró, àti ohun tí a óò fi ife ṣe bí òjò kò bá dá. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń sọ ọ́, èmi ni mò ń kọ ọ́, gbogbo wa sì ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ní kíláàsì nínú eré kì í gba fèrè, bí wọ́n tilẹ̀ fi orin yìn ín.

Ní oṣù kẹfà tí ó kọjá, èmi ni mo ṣe adájọ́ láàárín kíláàsì méjì tí n kì í kọ́. Ìkùukùu dìde láti ìhà ọ̀sà bí ó ti máa ń ṣe. Mànàmáná kọ, mo ka ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógún, àrá sán, mo fọn fèrè. Ariwo sọ. Àwọn tí ń pàdánù ní mo ti gba owó, àwọn òbí méjì mi orí. A wọ abẹ́ òrùlé, a dúró. Òjò náà kò rọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé e kọjá lọ síbòmíràn, oòrùn tún yọ, pápá gbẹ ganrínganrín, àwọn ọmọ sì ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọwọ́ síta bí ẹni tí ń wá ẹ̀kán omi. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, wọ́n sáré padà sórí pápá, mo kà wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá níwájú mi: méjìlélógún ni wọ́n, gbogbo wọn sì pé.